Ta Ni Yóò Béèrè Wa?

Lọ́jọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wa kan lọ́dún tó kọjá, gúrúùpù tí àwa ọmọ kíláàsì kan náà ní yunifásítì ṣí sórí fóònù kún fún kéèkì. Kéèkì ojú fóònù ni o, kì í ṣe èyí tí ẹnu ń jẹ. Àwa 214 la wà níbẹ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ la ti ń kí i. Ẹnì kan ní, "Ọ̀gá wa, wàá ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé." Ẹlòmíràn ṣàdúrà mọ́tò tuntun fún un. Àwa náà fi kéèkì tiwa ránṣẹ́, a sì padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́jọ alẹ́, èsì wọlé láti orí nọ́ńbà rẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò wọn obìnrin ló ń sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ti ṣaláìsí láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. A rò pé ẹ ti gbọ́ ni."

Gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa kéèkì wọn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ojú gúrúùpù náà fi kún fún àmì pé ẹnì kan kọ nǹkan, ó sì ti pa á rẹ́.

Òkú náà kì í ṣe àjèjì. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bí pointer ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú èdè C, nígbà tí olùkọ́ ti ṣàlàyé tán tí kò sì sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yé. Ó máa ń dúró tì wá ní yàrá kọ̀ǹpútà títí kóòdù wa á fi ṣiṣẹ́, kó tó lọ jẹun alẹ́. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi wà nínú ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà nínú gúrúùpù, iye wa sì ṣì ń jẹ́ 214. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Ìtìjú ọjọ́ náà ló lé wa padà sídìí ìwé kan tí a ti kà wàrà-wàrà nígbà tí a wà nílé-ìwé, The Virtual Community, tí Howard Rheingold kọ. Ọdún 1993 ni ìwé náà jáde. Nígbà yẹn, kò tíì sí Google, kò sí Facebook, ó sì ṣì ku ọdún mẹ́rìndínlógún kí WhatsApp tó dé. Síbẹ̀, ìwé yìí wà lára ohun tó kọ́ ayé láti máa pe àwọn tó pàdé nínú kọ̀ǹpútà ní àwùjọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, ojú ọmọdé tó fẹ́ kọ áàpù tí gbogbo ayé á máa lò la fi kà á. Ojú ẹni tó ti pàdánù èèyàn la fi kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí a rí nínú rẹ̀ yàtọ̀.

Rheingold rìn jìnnà nínú ìwé náà, ó dé ilẹ̀ Faransé, ó dé Japan, ṣùgbọ́n ibì kan tó ń jẹ́ the WELL ni ọkàn rẹ̀ wà. Stewart Brand àti Larry Brilliant ló dá a sílẹ̀ ní California ní 1985. Kò sí àwòrán, kò sí fídíò níbẹ̀. Èèyàn á so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ wáyà tẹlifóònù, á wọlé, á ka ọ̀rọ̀, á kọ tiẹ̀ sí i. Rheingold ròyìn pé lọ́jọ́ kan, òun àti ìyàwó òun rí eégbọn tó ki orí bọ inú awọ orí ọmọ àwọn obìnrin, ọmọ ọdún méjì. Ìyàwó rẹ̀ pe ọ́fíìsì dókítà. Òun ní tiẹ̀ sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá ìdáhùn láàárín àwọn òbí tó máa ń pàdé lórí the WELL. Kí ọ́fíìsì dókítà tó pe ìyàwó rẹ̀ padà, ó ti rí èsì, ó sì ti yọ eégbọn náà kúrò lórí ọmọ.

Ìtàn yìí dùn, ó sì jẹ́ ká mọ ohun tó ń fa èèyàn wọ irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wà lọ́kàn ẹni ní òru, ẹnì kan tí a ò rí rí sì dá wa lóhùn. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ̀ ọ́n dáadáa. Mélòó nínú wa ni àjèjì kò tíì gbà lọ́wọ́ èṣì ní aago méjì òru? Ìtumọ̀ tí Rheingold fún àwùjọ náà kò sì ṣòroó yé: bí èèyàn tó pọ̀ tó bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbangba, tó pẹ́ tó, tí ọkàn wọn sì wà nínú ẹ̀, okùn ìbátan á so wọ́n pọ̀. Ó tọ̀nà pé ó ka àkókò sí, ó sì tọ̀nà pé ó ka ọkàn sí. Ọ̀pọ̀ tó wá kọ ìwé lẹ́yìn rẹ̀ kò ka ju iye èèyàn lọ.

Ibi tí àwa àti ìwé náà ti ń jà ni ọ̀rọ̀ nípa ohun tó so wọ́n pọ̀ gan-an. Bí èèyàn bá ka ìwé náà tán, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé wáyà ló bí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà, kí ẹ fojú sí àwọn nǹkan kéékèèké tí Rheingold kàn mẹ́nu bà tó sì kọjá lọ. Àwọn èèyàn the WELL ń sanwó oṣù, wọ́n sì ń san ti wákàtí lé e. Èèyàn lè fi orúkọ ìnagijẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n ilé mọ orúkọ tí òbí sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ní agbègbè San Francisco, wọ́n sì ń ṣe àpèjọ lóṣooṣù, níbi tí wọ́n ti ń rí ojú ara wọn. Rheingold fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti bá wọn débi ìgbéyàwó, òun ti bá wọn débi ìsìnkú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí la máa ń pe àwọn tó ń dáwó, tí wọ́n mọ orúkọ ara wọn, tí wọ́n ń pàdé lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń sin òkú ara wọn? Ẹgbẹ́ ni. Ẹgbẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà ni. Nígbà tí ìròyìn wọn dé ọ̀dọ̀ tiwa, orúkọ ló dé. Owó oṣù kò bá a dé, àpèjọ kò bá a dé.

Ìyá wa wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá aláṣọ nínú ọjà wọn. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé á san ìtanràn. Ẹni tí kò bá wá rárá á san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá wá pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá ẹgbẹ́ á rán ẹni méjì lọ sílé rẹ̀: "Ṣé kò sí o? A ò rí yín lọ́jọ́ Sátidé." Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a rò pé owó ni wọ́n ń wá. Ìgbà tí ibà dá ìyá wa dùbúlẹ̀ la tó rí i pé àwọn méjì tó wá gba ìtanràn náà ló gbé omi kaná, tí wọ́n ro àmàlà fún wa, tí wọ́n sì lọ láìdárúkọ owó. Owó ìtanràn la pè é, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni. Òun ló jẹ́ kí àìsí ẹnì kan hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹnì kan sì lè gbé e délé.

Ẹnì kan lè sọ pé ohun tó ń ṣe wá ni pé ẹnu ọ̀nà ti rọrùn jù. Líǹkì lásán lèèyàn ń tẹ̀ tó fi ń di ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí a kò bá sì jìyà fún, kì í tọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀rí. Ní 1959, Elliot Aronson àti Judson Mills, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì wá wọ ẹgbẹ́ kan tó ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Kí wọ́n tó gba àwọn kan wọlé, wọ́n ní láti ka ọ̀rọ̀ tó ń tini lójú sókè níwájú ọkùnrin tó ń ṣe ìdánwò náà. Àwọn kan ka èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kò ka nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn gbọ́ ìjíròrò ẹgbẹ́ ọ̀hún, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó súni pátápátá. Àwọn tí ojú wọn rí màbo lẹ́nu ọ̀nà ló sọ pé ó dùn jù. Èèyàn kì í fẹ́ gbà pé òun jìyà lásán. Bí ìyà bá ti wọ̀ ọ́ lára, á wá ìdí tí ìyà náà fi tọ́.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ ká yára pàtẹ́wọ́. Ìdánwò kan náà ló jẹ́ ká mọ ìdí tí ọmọlúàbí èèyàn fi lè wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn ní yunifásítì wa, kó máa pè é ní ìdílé. Wọ́n nà án kó tó wọlé, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ dára. Òun náà ló jẹ́ ká mọ ìdí tí ẹni tó ti fi owó gidi wọ gúrúùpù owó-yóò-di-ìlọ́po fi máa ń bá àwọn tó ń kìlọ̀ fún un jà. Ìnira ẹnu ọ̀nà lè mú wa fẹ́ràn ẹgbẹ́. Kò sọ pé ẹgbẹ́ á fẹ́ràn wa padà. Ọ̀nà tí àwa fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí báyìí yàtọ̀: ẹ má bi wá léèrè iye tó ná wa ká tó wọlé. Ẹ bi wá léèrè iye tó máa ná àwọn tó kù bí a ò bá sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dákẹ́ ló kàn. Ní 2006, Jakob Nielsen kọ ọ́ pé nínú ọ̀pọ̀ àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bí àádọ́rùn-ún kì í sọ̀rọ̀ rárá, mẹ́sàn-án máa ń dá sí i díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan máa ń bú àwọn àádọ́rùn-ún yìí pé wọ́n ń jẹ láìdáwó. A ò bá wọn bú wọn. Jean Lave àti Etienne Wenger, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1991, sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ní Liberia. Ọmọ iṣẹ́ kì í fi gígé aṣọ bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì ni yóò kọ́kọ́ máa gán, etí aṣọ ni yóò máa ṣẹ́, ojú rẹ̀ á sì máa wà lára ọ̀gá. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀bá tó ń wòran ti wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìyàtọ̀ kan péré ló wà. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó dákẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bí kò bá wá lónìí, bẹ́ǹṣì á ṣófo, ọ̀gá á sì ní, "Lágbájá ńkọ́?" Gúrúùpù kò ní bẹ́ǹṣì. Ẹni tó dákẹ́ nítorí iṣẹ́ pọ̀, ẹni tó dákẹ́ nítorí kò ní dátà, ẹni tó dákẹ́ nítorí inú rẹ̀ bàjẹ́, àti ẹni tó dákẹ́ nítorí ó ti kú, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú fóònù.

Ibi tí ìwé Rheingold ti dùn wá jù nìyí. Ó sọ ìtàn ọkùnrin kan, ọ̀kan lára àwọn tó lẹ́nu jù lórí the WELL. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ rẹ́. Ihò kún inú ìtàkùrọ̀sọ gbogbo èèyàn, àwọn kan sì bínú. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn èèyàn the WELL lọ sí ìsìnkú rẹ̀, wọ́n sunkún. Bí a ṣe ka ibẹ̀, Rheingold fẹ́ ká rí i pé òótọ́ ni àwùjọ náà, nítorí òótọ́ ni ọ̀fọ̀ náà. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lẹ́nu ni ọkùnrin yẹn. Bó ṣe lọ, ariwo lọ. Ta ni yóò rí ihò ẹni tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé náà nìyẹn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni ìtàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé, nítorí ọ̀rọ̀ nìkan lèèyàn lè rí kà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 2000, Rheingold fi orí kan kún un láti fi yẹ ara rẹ̀ wò, iṣẹ́ ọmọlúàbí sì nìyẹn. Síbẹ̀, àwọn tó dákẹ́ kò rí ààyè tó tọ́ sí wọn.

Ká tó dá a lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ ká sọ ti ọwọ́ ara wa. Nínú database, ọmọ ẹgbẹ́ kan kò ju ìlà kan lọ: nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà gúrúùpù, ọjọ́ tó wọlé. A ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan rí. Wọ́n ní ká máa ka àwọn tó ṣì wà láàyè nínú áàpù. A kọ ọ́ pé ẹni tó bá ṣí i láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà láàyè. Ẹni tó bá di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n á kàn yọ kúrò nínú iye. Lẹ́yìn náà, a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i fúnra rẹ̀: "Àárò rẹ ń sọ wá." Àwa la kọ gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni "wá" tó wà nínú ẹ̀? Kò sẹ́nì kankan nínú ọ́fíìsì tó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ bá. Irọ́ kékeré ni, irọ́ tí gbogbo áàpù ń pa, àwa náà sì gbowó lórí rẹ̀.

A ò sọ pé kí ẹ̀rọ máa pariwo nígbà gbogbo o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, WhatsApp kéde pé èèyàn lè jáde kúrò nínú gúrúùpù láìjẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Àwọn ádímìnì nìkan ló máa mọ̀. Ohun tó dáa ni. Ẹ bi ìyàwó ilé tó ń wá ọ̀nà àtijáde kúrò nínú gúrúùpù àwọn ẹbí ọkọ. Àmọ́ ní ọdún kan náà, wọ́n fẹ gúrúùpù kan dé èèyàn 1,024. Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ẹ óò rí ibi tí ọ̀nà ń lọ: ilé ń tóbi sí i, ìjáde sì ń dákẹ́ sí i. Kò sí kóòdù tó lè fi òye kún un. Kóòdù lè kà wá. Béèrè ni kò lè béèrè wa.

Àwa mẹ́tàdínlógún la lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ wa. A rò pé a máa bá ìyá tí kò mọ̀ wá rí. Bí a ṣe ń dárúkọ ara wa níkọ̀ọ̀kan ni ìyá ń pe orúkọ ìnagijẹ wa. "Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Senator?" "Ìwọ lo máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù?" A ya ẹnu. Ìyá ní gbogbo alẹ́ nígbà àìsàn rẹ̀ ni ọmọ òun máa ń ka ọ̀rọ̀ wa sókè fún òun, tó máa ń rẹ́rìn-ín, pé nígbà míì, ó máa ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé. Nínú gbogbo oṣù tí a fi rò pé kò sí láàárín wa, ó wà níbẹ̀. Àwa la ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé, a pín gúrúùpù sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ẹnì kan nínú mẹ́wàá á pe àwọn mẹ́sàn-án tó kù. Ìpè ni o, kì í ṣe kéèkì. Kò tíì gún régé. Àwọn kan ti gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan ní a ń dí òun lọ́wọ́, a sì ti ń jiyàn bóyá ká máa gba ìtanràn. Lóṣù àkọ́kọ́, ìpè wa kan ẹnì kan tí kò kọ ohunkóhun síbẹ̀ láti ọdún méjì. Ó gbé e, ó ní, "Ṣé kò sí? Àbí owó lo fẹ́ yá?"

A ní rárá, a kàn ní ká béèrè ẹ ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo wà o. Má tíì pa fóònù."